Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ọjọ́ tí mo ka aṣọ inú pọtimáńtò

Ìtòkú, Abẹ́òkúta
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ. Ìkẹta, ẹ̀wà ni mo ń ṣà lọ́wọ́, mi ò mọ ìgbà tí mo ń da òkúta sínú ìkòkò. O ní àádọ́ta ọdún ti ń kan ilẹ̀kùn, pé bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè ohun tí o fi ọjọ́ ayé rẹ ṣe, iṣẹ́ òru àti owó tí o ń fi ránṣẹ́ sílé nìkan ni o máa rí sọ. O wá rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Irú èyí tí o rín lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò wa jáde ni.

Mi ò lè dá ọ lóhùn lórí fóònù. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi náà rí.

Ní oṣù kẹta, eku wọ yàrá mi. Níbi tí mo ti ń wá a ni mo ti fa pọtimáńtò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Òórùn káńfọ̀ gbá mi nímú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: léèsì aláwọ̀ ewé tí a fi sin bàbá ọ̀gá wa, àǹkárá tí a rà fún ìgbéyàwó ọmọ ẹnì kan tí mi ò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, gèlè tó ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo kà á dé 41. Mọ́kànlélógójì, Àbẹ̀kẹ́! Èyí tí mo wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò pé márùn-ún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo gbàgbé eku.

Owó dùn mí, àmọ́ Sátidé ló dùn mí jù. Aṣọ kan, Sátidé kan. Kò sí ọ̀kan tí èmi fúnra mi yàn nínú wọn. Wọ́n pè mí, mo jẹ́. Wọ́n dá iye, mo san. Bẹ́ẹ̀ Màmá wà lẹ́yìn ògiri níbí, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ọdún kẹfà rèé tó ti ń sọ pé, "Ìwọ Àṣàkẹ́, wá jókòó kí n fi ìyẹ́ tí a fi ń kọ àdìrẹ lé ọ lọ́wọ́ kí ojú mi tó ṣú tán." Èmi á ní, "Màmá, ó di Sátidé tó ń bọ̀."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní aṣọ ẹbí di ọdún tó ń bọ̀, pé màá máa lọ kí ẹni tó ṣe òkú nílé, màá mú ohun tọ́wọ́ mi bá ká dání, àmọ́ mi ò rà mọ́. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ilé wa ò rí jẹ mọ́ ni?" Ó ti lé lóṣù méjì tí kò ti yà sọ́dọ̀ mi. Ó ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo wá ń kọ́. O rántí bí Màmá ṣe máa ń lé wa nídìí ẹ̀kọ láfún rẹ̀? Álọ́ọ̀mù ló máa ń fi sè é, kò gbọdọ̀ ki jù, kò gbọdọ̀ ṣàn. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kọ ọ́ sára aṣọ, ibi tó bá wà, aró kì í wọ̀ ọ́. Ó ní àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdándùn ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní òpó Gbọ̀ngàn Màpó nínú, tí ṣíbí máa ń wà láàárín òpó sí òpó. Mo kọ òpó mi tán, ó gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú rẹ̀ tó ti ń ṣú, ó ní, "Ṣé Màpó mu ẹmu ni?"

Àmọ́ ìdí aró! Bí o bá ti rẹ aṣọ náà tí o fà á sókè, àwọ̀ ewé tútù ni yóò ní, bí ẹni pé o ti bà á jẹ́. Atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, á sì máa di búlúù lójú rẹ báyìí, láti etí aṣọ wọnú. O ó tún rẹ ẹ́, o ó tún fà á sókè. Mo ti ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá, síbẹ̀ mo ṣì máa ń dákẹ́ wò ó.

Nídìí ìkòkò ni Màmá ti máa ń sọ ìtàn ìyá tirẹ̀, tó jẹ́ aláró, fún mi. Láàárín 1930 sí 1940, Aláké Ademola fòfin de sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó tí wọ́n fi ń pa aṣọ láró, àwọn aláró kò gbà. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Aláké yìí kan náà ló fi oyè sílẹ̀ ní 1949 nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú fárígá nítorí owó orí. Obìnrin tí ọwọ́ wọn dúdú dé ìgbúnwọ́ kọ̀ fún ọba. Èmi ò lè kọ̀ fún ẹni tó ń ta léèsì.

Má rò pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ o. Mi ò fẹ́ràn àwọn tó máa ń wàásù pé kí èèyàn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ máa lé àlá. Ìtòkú yìí kún fún àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tí owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti ẹlẹ́kọ. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ́fíìsì ni màá wà. Sátidé nìkan ni mo gbà padà.

Tẹ́lẹ̀, bí nǹkan bá ti rí báyìí, àkúnlẹ̀yàn ni mo máa ń pè é, ó sì máa ń tù mí lára. Màmá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tòótọ́ yẹn, ló sọ ti Ifá fún mi: àwọn orí péjọ, wọ́n gbèrò, wọn kò ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀, ni ìmọ̀ràn wọn kò bá rí ẹni gbé e débì kan. Mo wá rí i pé orí nìkan kò tó, àfi kí èèyàn fi ẹsẹ̀ rìn.

Mi ò mọ ohun tó yẹ kí o fi ayé rẹ ṣe. Àmọ́ o sọ pé Ọjọ́rú ni wọ́n ń fún ọ sinmi, pé láti àárọ̀ ni o ti ń fi fóònù parí ìjà ará ilé. Ìwọ tí o fi ọ̀bẹ àti igi ìṣáná tún rédíò tíṣà wa ṣe ní kíláàsì kẹta! Ìgbà wo lo tú nǹkan palẹ̀ kẹ́yìn?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Manchester lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi ọ̀pá àdìrẹ méjì rán an sí ọ, àkọ́kọ́ṣe mi ni, òpó rẹ̀ wọ́. Dá a fọ̀, omi tútù àti iyọ̀ ni kí o lò. Aró yóò ṣàn díẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá dúdú, má pariwo.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́