Ẹ má di ẹ̀bi ìpolówó ru àwọn tó ṣe géèmù

Sí Olóòtú,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ilé-iṣẹ́ géèmù tí wọ́n ń tì pa ní òkè òkun, tí akọ̀ròyìn yín sì sọ pé géèmù wọn ni kò tà. Ó dùn mí pé ibẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà mọ, nítorí pé ẹni tó ṣe géèmù kọ́ ló ń mú ọjọ́ tí yóò jáde, òun kọ́ ló sì ń pinnu iye tí wọn yóò fi polówó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó fowó sílẹ̀ ló ń ṣe méjèèjì.

Ẹ wo Titanfall 2, tí ilé-iṣẹ́ Respawn ṣe. Àwọn tó ń yẹ géèmù wò yìn ín gidigidi. Síbẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni EA, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń bá Respawn ta géèmù náà, gbé e jáde, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré tí EA yìí kan náà gbé géèmù mìíràn, Battlefield 1, jáde, nígbà tó sì ku ọ̀sẹ̀ kan kí Call of Duty tuntun dé láti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Géèmù ìbọn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníbàárà kan náà ni wọ́n sì ń wá. Ìyá wo ní ọjà Kábà ni yóò kiri ẹrù kan náà fún ọmọ méjì lọ́jọ́ kan náà, ní ojú ọ̀nà kan náà, tí yóò tún wá na èyí tí kò rí tirẹ̀ tà? Géèmù náà kò tà tó bí EA ti retí. Orí ṣì bá Respawn ṣe é, nítorí pé EA rà á ní ọdún 2017, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ti Tango Gameworks ní Japan le jù bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan náà ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kéde Hi-Fi Rush, géèmù tí Tango ṣe, tí wọ́n sì gbé e jáde, láìsí ìpolówó kankan ṣáájú, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Microsoft, tó ni Tango nígbà náà, ní òun yóò ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Krafton, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní South Korea, ló wá gbà á là nígbà tó yá.

N kò sọ pé ìpolówó lè ta ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Sony kò fi géèmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Concord pamọ́, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló lò lórí àtẹ ní ọdún 2024.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Ọ̀kun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìsánlú ń ṣe géèmù, ó sì mú ìwé àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ kan fi ránṣẹ́ sí i wá fún mi. Ojú ìwé lórí ojú ìwé ni wọ́n fi to ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àti owó ìtanràn tí yóò san bó bá pẹ́, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lórí ìpolówó: ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú rẹ̀, yóò sì kọ́kọ́ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú èrè kí kọ́bọ̀ kan tó kan ọmọ náà. Mo ní kó má tíì tọwọ́ bọ̀ ọ́, kó kọ̀wé padà láti béèrè iye tí wọn yóò ná àti ọjọ́ tí géèmù náà yóò jáde, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn.

Mo bẹ̀ yín, kí àwọn akọ̀ròyìn yín náà máa béèrè ohun méjèèjì yìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá ní òun ń dá àwọn òṣìṣẹ́ géèmù dúró.

Òǹkàwé yín,
Kábà, Ìpínlẹ̀ Kogí