Ẹyẹ Tó Gbilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù Kò Sọ Pé Odídẹ Kò Sí Nínú Ewu

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Nígbàkígbà tí àwa ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù bá rí ọ̀wọ́ ẹyẹ parakeet tó ń han kọjá lókè Richmond Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan níbí, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé bí ìbátan odídẹ bá lè gbilẹ̀ nínú òtútù báyìí, a jẹ́ pé kò séwu fún odídẹ nílé. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti 1969 ni wọ́n ti ń rí ẹyẹ aláwọ̀ ewé, ẹlẹ́nu pupa yìí tó ń pamọ níta gbangba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó bọ́ nínú àgò àti àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ ni wọ́n bí wọn. Ìwádìí fi hàn pé àríwá Íńdíà àti Pakistan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ̀ wá, níbi tí òtútù kì í ti í ṣe àjèjì. Inú ihò igi tí àkókó ti gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń yé sí, wọ́n á sì ti gba ihò náà kí ọ̀pọ̀ ẹyẹ onílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò yé sí. Ní ti oúnjẹ, wọn kì í ṣàṣàyàn: òdòdó, èso tí kò tíì pọ́n, àti ẹ̀pà tí a so sẹ́yìnkùlé fún ẹyẹ. Mo ti wo ọ̀kan láti ojú fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ kan rọ̀ mọ́ okùn, ó fi èkejì gbé ẹ̀pà sẹ́nu, ó ń rún un díẹ̀díẹ̀, àwọn ẹyẹ kéékèèké kò sì jẹ́ sún mọ́ ọn.

Odídẹ náà ń fẹ́ ihò igi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gé àwọn igi àgbà Richmond Park lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń gùn wọ́n lọ kó ọmọ ẹyẹ tà. Nílẹ̀ Áfíríkà, wọ́n ń ṣe méjèèjì. Ní Gánà, odídẹ tó pòórá láti 1992 kò dín ní 90 nínú 100, àní ó tó bẹ́ẹ̀ tí òfin àgbáyé fi ka títa odídẹ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn léèwọ̀ ní 2017.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí ọjà tí wọ́n ti ń ta odídẹ, kí wọ́n béèrè igbó tí wọ́n ti mú un. Kí àwa tá a wà lókè òkun sì yé fowó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá wa ra odídẹ sínú àgò.

Èmi ni òǹkàwé yín ní Lọ́ńdọ̀nù.