Ẹ bi ṣúmekà léèrè ẹsẹ̀ mi

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìpalára fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, tún kọ̀wé sí mi lórí owó tí mo béèrè, ẹ̀ẹ̀kejì rèé, pé kì í ṣe iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́, pé flat foot, ìyẹn àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ti wà lára mi kí n tó wọlé. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan? Dókítà ológun ló yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ tí mo wọlé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi tẹ́ díẹ̀, kò dùn mí, ó ní mo yege, wọ́n wá fún mi ní bàtà, wọ́n gbẹ́rù lé mi lẹ́yìn, ọdún 8 ni mo fi rù ú. Nígbà tí wọ́n nílò mi, ẹsẹ̀ mi dáa, ìgbà tó kan owó, wọ́n ní bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Òfin ò sì sọ bẹ́ẹ̀ o. Tí àìsàn bá ti wà lára èèyàn tẹ́lẹ̀ tó wá le sí i lẹ́nu iṣẹ́, ìjọba ló máa fẹ̀rí hàn pé bó ṣe máa le náà nìyẹn ká ní kò tiẹ̀ wọṣẹ́. Ṣé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ò ka ibẹ̀ ni, àbí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fò ó?

Nígbà tí mo wálé, mo gbé bàtà mi fún ṣúmekà kan ní Dùgbẹ̀. Ó kàn yí i padà, ó fi àtàǹpàkò ra gìgísẹ̀ ẹ̀, apá inú ti jẹ tán, tìta wà bó ṣe wà, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹsẹ̀ yín ti ń wó sínú o, ṣé ẹ máa ń gbẹ́rù ni?" Kò béèrè fáìlì kankan. Ẹni tí VA sanwó fún pé kó yẹ̀ mí wò torí owó yìí ńkọ́? Àárọ̀ kùtù ló pè mí, orí ìjókòó ni mo wà, ó tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì, ó yíjú sí kọ̀ǹpútà, kò tó ìṣẹ́jú 10.

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n máa pe èèyàn nírọ̀lẹ́, kí wọ́n ní kó kọ́kọ́ rìn dáadáa, kí wọ́n wá wò ó lórí ìdúró, láti ẹ̀yìn, bí iṣan gìgísẹ̀ ẹ̀ ṣe tẹ̀ sínú, torí ìyẹn wà nínú ohun tí òfin fi ń díwọ̀n ìpalára náà, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n máa san, bóyá 10% ni, 30% tàbí 50% (0% náà wà o, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ló fà á, wọn ò ní fún ẹ ní kọ́bọ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ̀rọ̀), kó sì gbé bàtà tó ti wọ̀ fún ọdún kan dání, kí wọ́n fi í sí fáìlì bí ẹ̀rí. Kí lẹ́tà wọn náà máa yé èèyàn.

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń wọ ológun níbí torí ìwé ọmọ ìlú, tẹ́sẹ̀ bá ń dùn yín, ẹ lọ kíníìkì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò lọ kí sájẹ́ǹtì má bàa pè mí lọ́lẹ, òun náà ni wọ́n fi ń gbá mi lẹ́nu báyìí.

Láti 2019, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Èyí tí ọ̀gá míì máa ń tún fáìlì wò ni mo kọ́kọ́ gbà, wọn kì í gba ẹ̀rí tuntun níbẹ̀, ohun kan náà ló kà, ìdáhùn kan náà ló fún mi. Ẹ̀rí tuntun ni mo ń mú lọ báyìí, ọdún kan ni mo ní kí n má bàa pàdánù owó ẹ̀yìn. Mo ti pe ṣúmekà yẹn lórí WhatsApp, ó ní òun á kọ ohun tóun rí, ó kàn ń béèrè bóyá kóun kọ ọ́ ní Yorùbá.

Ológun tó ti fẹ̀yìntì,
Houston, Texas