Àga Kún, Àpò Gbẹ: Ohun Tó Ń Pa Bàálù Bísínẹ́ẹ̀sì Olówó Pọ́ọ́kú

Sí Olóòtú,

Nígbàkigbà tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tuntun bá kéde pé bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì (ipò àga olówó ńlá nínú bàálù) nìkan ni òun fẹ́ máa tà, tí òun yóò sì máa tà á ní ìdajì iye tí àwọn ńlá ń gbà, ohun tí ìwé ìròyìn máa ń kọ́kọ́ sọ ni bí àga ṣe ń tẹ́ bí ibùsùn àti irú wáìnì tí wọ́n ń gbé kiri. Bí àwọn tó fi owó sí i bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì, ìwé ìròyìn á ní wọn ò ní sùúrù. Mo kọ ìwé yìí torí pé iyèméjì yẹn ní ìdí, ìdí náà sì ṣeé fi ìṣirò wá rí kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́.

Ojú ọ̀nà London sí New York ni a ti rí i dáadáa jù lọ. Ilé-iṣẹ́ Eos bẹ̀rẹ̀ láti Stansted, pápákọ̀ kan ní London, lọ sí JFK ní New York ní oṣù Kẹwàá 2005 pẹ̀lú Boeing 757 tí wọ́n to àga 48 péré sí. MAXjet tẹ̀lé e ní oṣù Kọkànlá, láti Stansted bákan náà, pẹ̀lú Boeing 767 alága 102. Silverjet gbéra láti Luton, pápákọ̀ London míì, lọ sí Newark lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York ní oṣù Kìíní 2007, 767 ni tiwọn náà, àga 100. Oṣù yẹn kan náà ni L'Avion bẹ̀rẹ̀ láti Orly ní Paris pẹ̀lú 757 alága 90. Ní 24 oṣù Kejìlá 2007, MAXjet dáwọ́ dúró. Eos dáwọ́ dúró ní òpin oṣù Kẹrin 2008. Ọjọ́ Ẹtì, 30 oṣù Karùn-ún 2008, ni Silverjet tẹ̀ lé wọn. L'Avion nìkan ló bọ́, torí British Airways rà á ní oṣù Keje ọdún náà.

Èrò wà. Àwọn tó wọ ọkọ̀ wọ̀nyí fẹ́ràn wọn gan-an, ọ̀pọ̀ ló sì tún padà ra tíkẹ́ẹ̀tì míì. Owó tó ń jáde ló ń sáré ju èyí tó ń wọlé lọ, epo ló sì ṣáájú.

Irú 767 tí Silverjet lò ń jẹ epo tó sún mọ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún ní wákàtí kan. Láti Luton dé Newark, afẹ́fẹ́ ń dojú kọ ọkọ̀, ó ń gbà tó wákàtí mẹ́jọ. Nígbà àbọ̀, afẹ́fẹ́ ń tì í lẹ́yìn, ó ń yá jù bẹ́ẹ̀. Mo fi tọ́ọ̀nù 70 ṣe ìṣirò àlọ àti àbọ̀, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 23,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007, gálọ́ọ̀nù epo bàálù kan ò ju bíi dọ́là 1.70 lọ. Owó epo àlọ-àbọ̀ á jẹ́ nǹkan bíi $39,000. Bí èrò 65 bá wà nínú ọkọ̀, $600 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún 2008, gálọ́ọ̀nù kan ti sún mọ́ dọ́là 3.80. Epo kan náà, ọ̀nà kan náà, èrò 65 kan náà, ó di $87,000: ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ru $1,340 epo nìkan.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. £999 ni Silverjet fi ń polówó àlọ-àbọ̀ tó kéré jù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $2,000 nígbà yẹn. Láti 1 oṣù Kejì 2007, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ owó orí tí èrò bísínẹ́ẹ̀sì ń san nígbà tó bá ń fò lọ sọ́nà jíjìn di £80, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ yọ ìyẹn, ẹ yọ epo, ohun tó kù ò tó $500. Inú ẹ̀ ni owó awakọ̀ àti òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ yóò ti wá, owó háyà ọkọ̀, àtúnṣe ẹ́ńjìnnì, owó pápákọ̀ méjì, oúnjẹ, àti ilé ìsinmi aládàáni tí wọ́n ń lò ní Luton. Kì í ṣe gbogbo èrò ló ra ti £999, mo mọ̀, àwọn kan san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n £999 yẹn ni wọ́n fi mọ wọ́n lọ́jà, ohun tí wọ́n bá sì fi mọ èèyàn lọ́jà kì í rọrùn láti fi lé owó lórí.

Ọkọ̀ 767 yìí, bí ẹlòmíràn bá tò ó, ó lè gba ju igba èèyàn lọ. Ìwúwo èrò ò yí epo padà púpọ̀. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni epo ń gbé. Ẹni tó tò ó sí 100 ti fi ẹrù epo igba èèyàn lé ọgọ́rùn-ún lórí. Bí epo bá wọ́n, kò sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí yóò ti rí èrò olówó kékeré tí yóò bá a pín in. Ọlọ́kọ̀ danfo tó yọ ìjókòó mẹ́jọ kúrò kí èrò lè na ẹsẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń parí.

Àwọn ńlá lè ra epo sílẹ̀ ní iye tí wọ́n ti dá lọ́dún kan ṣáájú. Ẹni tó ń tà á yóò béèrè ohun ìdúró, ilé-iṣẹ́ tó ní ọkọ̀ mẹ́ta tí gbogbo wọn sì jẹ́ ọkọ̀ háyà ò ní ohun tó máa fi dúró. Ọkọ̀ mẹ́ta yìí náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ ní Newark láàárọ̀, kò sí àfirọ́pò. Wọn á háyà ti ẹlòmíràn pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń bá figagbága. Òfin Yúróòpù sì ti wà láti 2005 pé ẹni tí wọ́n bá fagi lé ìrìnàjò jíjìn rẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ lè gba €600, àyàfi tí ohun tó fà á bá kọjá agbára ilé-iṣẹ́ náà. Oníṣòwò tó ní ìpàdé ní New York ní aago méjì fẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tó fi jẹ́ pé bó bá pàdánù ọ̀kan, á wọ èkejì. Ìdí nìyẹn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi ń san ìlọ́po méjì ní Heathrow.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé fara balẹ̀ sí nìyí, torí òun ni ìròyìn máa ń fò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń wọlé kí ìrìnàjò tó wáyé. Ẹni tó máa fò ní oṣù Kẹjọ ti sanwó ní oṣù Karùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tí ò ní owó púpọ̀ máa ń fi owó oṣù Kẹjọ ra epo oṣù Karùn-ún. Àmọ́ káàdì ni èèyàn fi ń san án, ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì ló sì ń dúró fún un: bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá kú kí èrò tó fò, òun ni yóò dá owó padà. Ní kété tó bá gbọ́ pé àwọn olùdókòwò ń ṣiyèméjì, yóò ní òun ò tún san án ní ọ̀sẹ̀ kan mọ́, ó di ìgbà tí èrò bá fò tán. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí tíkẹ́ẹ̀tì 4,000 bá wà nílẹ̀ tí wọn ò tí ì fò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ $2,400, mílíọ̀nù 9.6 dọ́là nìyẹn tó pòórá nínú àpò láìsí pé èrò kan ṣoṣo dín. Ẹni tó ń ta epo, tó máa ń fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, á ní kí wọ́n sanwó kó tó fa epo. Ẹni tó ni ọkọ̀ á béèrè owó ìdúró sí i. Pápákọ̀ á rán wọn létí pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ lórí gbèsè. Gbogbo wọn á ṣe é lọ́sẹ̀ kan náà, kò sì sẹ́ni tó ṣe ohun tí ò tọ́ nínú wọn.

Báyìí ni Silverjet ṣe rí i. Ìpín ìdókòwò wọn wà lọ́jà AIM, ọjà ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní London. Ní ìgbà ìrúwé 2008 wọ́n kéde pé ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Lárúbáwá, Viceroy Holdings, ti gbà láti fi owó ńlá sí i. Inú àwọn èèyàn dùn. Nígbà tí wọ́n béèrè mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là nínú ẹ̀yáwó tí àdéhùn ṣèlérí, owó ò dé. Wọ́n dá títà ìpín náà dúró lọ́jà ní 23 oṣù Karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló tẹ̀ lé e tí ọkọ̀ fi jókòó sílẹ̀. Oṣù Keje ọdún yẹn ni àgbá epo rọ̀bì kan ga dé $147. Kò sí èyí tó kù nínú àwọn mẹ́ta náà láti rí i.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ yìí ò ṣeé ṣe láé. La Compagnie ti ń gbé èrò bísínẹ́ẹ̀sì nìkan láti Paris lọ sí Newark láti 2014. Wọ́n gbìyànjú Luton ní 2015, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 2016 kó tó jẹ wọ́n tán. Láti 2019, Airbus A321neo alága 76 ni wọ́n ń lò, epo tó ń jẹ kéré gan-an sí ti 767 àtijọ́. JetBlue ti Amẹ́ríkà gba ọ̀nà míì nígbà tó dé London ní 2021: àga bísínẹ́ẹ̀sì 24 níwájú, 114 lẹ́yìn, tí gbogbo wọn jọ ń san owó epo.

Fún àwọn òǹkàwé yín ní Ìlú Ọba tó fẹ́ ra irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀: bí ó bá ju £100 lọ, ẹ fi káàdì ìyáwó (credit card) rà á tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Òfin ẹ̀yáwó oníbàárà ti 1974 (Consumer Credit Act) mú kí báǹkì tó fún yín ní káàdì náà jẹ yín ní owó yẹn bí ilé-iṣẹ́ bàálù bá kógbá wọlé. Ààbò ATOL, ètò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń dáàbò bo owó arìnrìnàjò, kì í bo tíkẹ́ẹ̀tì nìkan tí ẹ rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra rẹ̀.

Olóòtú, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa bi irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀. Èló ló wà lọ́wọ́ lónìí, lẹ́yìn tí ẹ bá yọ èyí tí ilé-iṣẹ́ káàdì àti ẹni tó ni ọkọ̀ ti so mọ́lẹ̀? Èló ló ń jáde lóṣù kan ju èyí tó ń wọlé lọ? Ẹ fi ti èkejì pín ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí iye oṣù tó kù fún wọn. Kí ẹ tẹ iye oṣù yẹn síbi tí ẹ ti máa ń tẹ àwòrán àga.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùṣirò owó kan, London