Igbá Ọ̀yọ́ tó di àtùpà

Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Bọ́lájí ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o kú òtútù. O ní àtùpà igbá tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ ti là, o sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Igbá gan-an ni ká kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n já kí ìtàkùn rẹ̀ tó gbẹ, bó bá ń gbẹ, á máa súnkì, á sì wọ́. Bí wọ́n bá là á sí méjì, ẹnu rẹ̀ kò ní bára mu mọ́. Bó bá ti gbó, wọ́n á fi ayùn gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ á fi rà, wọ́n á wá ha á dànù. Ibi tí wọn ò bá ha dáadáa ni èbu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba wa tó ń fín igbá olómorí kì í lù ú já. Ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi ń fá èèpo yíká àwòrán, kí alángbá tàbí ejò lè yọ síta, kí ibi tí wọ́n fá sì funfun. Igbá tó ṣì rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fín. Bó bá gbẹ jù, ọ̀bẹ á yọ̀, èèpo á sì fò.

Àtùpà ló mú dírìlì wọ̀ ọ́. Láti ìta ni kí wọ́n ti lu ihò, torí ibi tí irin bá ti yọ ló máa ń fọ́. Ihò mìlímítà 2 sí 3 dára, kí àlàfo tó wà láàárín méjì má sì kéré sí ìbú ihò kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á là láti ihò dé ihò. Ọgbọ́n tí mo gba tiwọn níbẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n fá nìkan ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lù. Lálẹ́, alángbá á dúdú, ìmọ́lẹ̀ á yí i ká níbi tí funfun wà lọ́sàn-án. Àwọn tó ń kun ọ̀dà pupa lé gbogbo rẹ̀ lórí? Ọ̀dà ti dí ojú fínfín pa, kí ni wọ́n wá fín in fún!

Ó jọ pé gílóòbù ló ba tìrẹ jẹ́. Oníwọ́ọ̀tì 60 àtijọ́ yẹn ń gbóná, ó ń mú igbá gbẹ láti inú. LED oníwọ́ọ̀tì 3 tó. Má sì gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé yín gbóná. Bí o bá rí àbàwọ́n dúdú, fáníṣì ni wọ́n tètè kùn, kí inú rẹ̀ tó gbẹ.

Èyí tó là ṣì ṣeé tún ṣe. Lu ihò kan sí ibi tí ìlà náà parí sí gan-an, kó má baà gùn sí i. Lẹ́yìn náà, lu ihò wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí o fi okùn rán an pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń rán igbá tó bá là láyé àtijọ́. Má fà á le jù.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀