Ẹ̀sùn lórí oògùn èèrà yín: ìwé ìlò inú páálí ló ń ba ìjẹ náà jẹ́

Sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Páálí oògùn èèrà tí ẹ ṣe fún ilé ọ̀gbìn inú ọgbà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní greenhouse, ni ẹ̀sùn mi dá lé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: síríǹjì ìjẹ aládùn kan, gíráàmù 30, àwo ìjẹ pẹlẹbẹ 6, ike oògùn fífín kan, àti àpò lẹ́búlẹ́bú funfun kan tí wọ́n ń pè ní diatomaceous earth. Mo ṣe gbogbo ohun tí ìwé ìlò sọ fún odidi ọ̀sẹ̀ 4. Èèrà ṣì ń tò lọ tò bọ̀ lára ẹsẹ̀ tábìlì, aphid, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń rọ̀ mọ́ ewé, sì ti bo abẹ́ ewé ata ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

N ò sọ pé ìjẹ yín ò dára. Boric acid, oògùn tó ń pa èèrà nínú ìjẹ náà, ìdá 1 nínú 100 ni ẹ kọ sára síríǹjì, ìwọ̀n tó yẹ náà nìyẹn. Ìwé ìlò ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí èèrà ṣe ń jẹun, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀, àmọ́ ó ṣáà fẹ́ kí gbogbo ohun tó wà nínú páálí ríṣẹ́ ṣe.

Ìlà àkọ́kọ́ ní ká fín oògùn sí gbogbo ojú ọ̀nà èèrà, ká tó wá gbé àwo ìjẹ síbẹ̀. Pyrethroid, irú oògùn apakòkòrò kan, ló wà nínú ike oògùn fífín yẹn. Èèrà kì í fẹ́ gba orí rẹ̀ kọjá, èyí tó bá sì gba orí rẹ̀ kọjá á kú kó tó délé. Bẹ́ẹ̀, torí kó lè délé la ṣe ń fún un ní ìjẹ. Èèrà tó jáde wá oúnjẹ máa ń gbé omi dídùn sínú àpò kan nínú ikùn rẹ̀, á wá lọ pọ̀ ọ́ sẹ́nu àwọn tó wà nílé, títí kan àwọn ọmọ àti ìyá èèrà. Èèrà tí à ń rí lórí tábìlì ò tó nǹkan lára àwọn tó wà nínú ihò. Bí ìyá ò bá jẹ níbẹ̀, ó ń yé ẹyin nìṣó. Ẹ tẹ́ oúnjẹ fún àlejò, ẹ sì tún gbé kùmọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló fẹ́ wọlé? Bí ẹ bá fẹ́ rí i fúnra yín, ẹ gbé àwo kan sí ojú ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Èèrà á rìn dé ibi tó kù díẹ̀ kó kan ìjẹ, á na ìwo orí rẹ̀ síwájú, á dúró, á sì yí padà. Ìjẹ náà á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó kàn án.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé irú èèrà kan wà, bíi pharaoh ant, tó jẹ́ pé bí oògùn fífín bá dà wọ́n rú, ṣe ni wọ́n ń pín sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, tí ìyá kọ̀ọ̀kan á kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ tẹ ibòmíì dó. Ihò kan á wá di mẹ́ta.

Ìlà kejì ní ká gbé àwo sí àárín tábìlì, níbi tí ojú ti lè máa tó o. Àárín tábìlì nínú ilé ọ̀gbìn ni oòrùn ti ń pa jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni omi tí a bá bu ọ̀gbìn ń ta sí. Oòrùn á fa omi inú ìjẹ náà, ojú rẹ̀ á yi bíi gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ, èèrà kò sì ní lè fà á mu, torí èèrà tó ti dàgbà kì í gbé ohun líle mì. Omi ni ó ń mu. Bí omi bá sì ta sí i, á ṣàn dà nù. Abẹ́ tábìlì tàbí ẹ̀yìn ìkòkò, lábẹ́ òjìji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èèrà ń gbà gan-an, ni kí ẹ ní kí àwọn èèyàn gbé e sí, kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ti lẹ́búlẹ́bú funfun ò gba àlàyé púpọ̀. Bó bá gbẹ ló ń ṣiṣẹ́: ó máa ń ha ara kòkòrò, ó ń fa ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Ẹ ní ká wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tútù inú ìkòkò ọ̀gbìn. Inú ilé tí ooru omi máa ń kún lójoojúmọ́! Ó di ẹrẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ò tiẹ̀ sọ pé kí ẹni tó ń wọ́n ọn fi nǹkan bo imú.

Ọ̀rọ̀ aphid ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí kò sí ìlà kan nípa rẹ̀ nínú ìwé yín, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pe èèrà wá. Aphid ń fa omi ara ewé mu, èyí tó bá sì pọ̀ jù fún un ló ń yà jáde ní omi dídùn. Èèrà á fi ìwo orí gbá a nídìí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀kán omi kan tó ń dán á yọ, á fi ẹnu gbà á, á bọ́ sí ìdí èyí tó kàn. Ìdí nìyí tí èèrà fi ń lé àwọn kòkòrò tó ń pa aphid jẹ, bíi ladybird. Àwọn kòkòrò funfun tó dà bí òwú lára igi náà ń fún wọn ní omi yìí. Èèrà tó ní irú oúnjẹ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ewé, kí ló fẹ́ fi ìjẹ yín ṣe? Aphid ló yẹ ká kọ́kọ́ gbá lọ, kí ìjẹ tó tẹ̀ lé e. Omi tó ń ṣàn lágbára lábẹ́ ewé á já ọ̀pọ̀ wọn bọ́. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ olómi tí wọ́n ṣe fún kòkòrò ara ewé, mìlílítà 10 sí 20 nínú lítà omi kan, ní ìrọ̀lẹ́, kó dé abẹ́ ewé dáadáa, torí kòkòrò tó bá kàn nìkan ló ń pa. Ẹ dán an wò lára ewé kan ná, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7. Kó má ta sínú àwo ìjẹ o.

Mo pe ẹ̀ka yín lórí fóònù. Ẹni tó gbé e ní bí èèrà bá ṣì ń rìn lọ́jọ́ kejì, kí n po ṣíbí tíì kan borax, lẹ́búlẹ́bú tó jọ boric acid, mọ́ ìjẹ kó lè le sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì mọ́. Ṣíbí tíì kan tó nǹkan bíi gíráàmù 4; nínú ìjẹ gíráàmù 30, ó ti kọjá ìdá 10 nínú 100. Èèrà á kọ̀ ọ́, tàbí kó kú lọ́nà pẹ̀lú oúnjẹ tó gbé. Bí èèrà bá ń rọ́ bo àwo ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ìjẹ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ká fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa gbé lọ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó hàn. Bí wọn ò bá sì kà á sí rárá, tí kò sí aphid, ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ wọn pọ̀ nílé, tó jẹ́ oúnjẹ ọlọ́ràá ni wọ́n ń wá. Ká kán omi ṣúgà sórí páálí pélébé, ká kán òróró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Èyí tí wọ́n bá bò la máa mọ̀. Ìjẹ aládùn nìkan ló wà nínú páálí yín.

Ìlà tó gbẹ̀yìn ló bí mi nínú jù. Ó ní kí a da ìjẹ tó ṣẹ́kù sórí ihò èèrà nínú ìkòkò ọ̀gbìn. Èròjà kan tó ń jẹ́ boron ló wà nínú boric acid. Díẹ̀ ni ọ̀gbìn ń fẹ́ nínú rẹ̀, bó bá pọ̀ díẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, etí ewé á pọ́n, á sì jó. Ìkòkò ata méjì ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí, ewé ìsàlẹ̀ ló sì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Èèrà tó bá kọ́lé sínú ìkòkò kò nílò oògùn: ilẹ̀ tó gbẹ jù ló gbà wọ́n láàyè. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú garawa omi títí omi fi bo ojú ilẹ̀ rẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Wọ́n á máa gbé àwọn ọmọ wọn funfun jáde. Kí ìkòkò náà ro dáadáa lẹ́yìn náà, kí a sì rí i pé ilẹ̀ ọ̀hún ò tún gbẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Fún tábìlì, abọ́ omi lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ kan tàbí méjì, kí ewé kankan má sì kan ògiri, torí ewé kan ṣoṣo tó di afárá.

Ohun tí mo ń béèrè: kí ẹ dá owó páálí náà padà, kí ẹ yọ ike oògùn fífín kúrò nínú rẹ̀, tàbí kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìjẹ, kí ẹ pa ìlà nípa dída ìjẹ sínú ìkòkò rẹ́ lónìí, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ tẹ ìwé míì, kí ẹ sì kọ ọ́ pé kí a gbé àwo náà síbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ajá ò ti lè tó o. Àwòrán ewé ata méjèèjì àti ti àwo tí ìjẹ inú rẹ̀ ti gan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú rìsíìtì àti nọ́ńbà tó wà nídìí páálí. Mo ń retí èsì yín láàárín ọjọ́ 14.

Èmi ni,
Oníbàárà yín