Odi Èkó Kì Í Ṣe Òkúta, Amọ̀ Ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi ara wọn: ibo la lè kó àwọn ọmọ lọ, kí wọ́n rí ojúlówó ilé àtijọ́? Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn á gba ọ̀nà Ghana lọ, wọ́n á lọ wo ilé olódi Elmina tí àwọn Potogí kọ́ ní 1482. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á padà wálé, wọ́n á ní Èkó ò ní irú ẹ̀.

Lóòótọ́, Èkó ò ní irú ẹ̀. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú yìí lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 1861, ọwọ́ ọba àti àwọn olóyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun ni ilẹ̀ wà, òyìnbó kankan ò rí ibi fi òkúta mọ odi sí. Ìga, ìyẹn ààfin, ni tiwa. Petẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló tẹ̀ lé e. Amọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe òkúta. Ìdí tí a fi kọ lẹ́tà yìí ni pé àwọn èèyàn ń lọ wò wọ́n láìmọ ohun tí wọ́n ń wò, àwọn mìíràn sì ń tún wọn ṣe láìmọ̀ pé àtúnṣe ọ̀hún gan-an ló ń wó wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló dára jù, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Láàárín ọ̀sẹ̀, agboòrùn àwọn aláté ni ẹ máa rí ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun, ẹ ò ní rí ilé. Petẹ́ẹ̀sì Àgùdà kì í kó ẹwà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Òkè ni ó wà: iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sí orí fèrèsé, irin bákónì, àti fèrèsé kékeré tó yọrí láti inú òrùlé. Ẹni tí ń sá fún kẹ̀kẹ́ àti alábàárù kò lè gbójú sókè. Ẹni tó bá ń ti Mile 2 bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line, tó ti ń ná ọ̀nà náà láti oṣù kẹsàn-án 2023, kó sọ̀ ní Marina. Káàdì Cowry ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Ẹ wádìí aago tó ń gbéra lọ́jọ́ Sọ́ńdè kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Ní 1882, amọ̀ ni ìjọba amúnisìn fi mọ odi rẹ̀. Nígbà tó di 1885, wọ́n gbé bíríkì wá láti Ìlú Ọba láti fi tún un mọ. Wọ́n wó ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ní 2010 ni ó sì di ibi ìgbafẹ́. Ẹ fọwọ́ kan odi bíríkì tó ṣẹ́ kù. Ẹ tún wo bí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n ṣe kéré tó, àwọn tó di ìsọ̀ lónìí: ọmọ tó bá na apá méjèèjì níbẹ̀ á yé e ju ìwé lọ. Kàtídírà Holy Cross wà nítòsí, ọdún 1939 ni wọ́n parí èyí tó dúró báyìí. Ẹ yà wò ó bí àyè bá wà.

Láti ibẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn gba Broad Street dé Kakawa. Ibẹ̀ ni ilé da Rocha wà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Water House. João Esan da Rocha, tó ti oko ẹrú Brazil padà wá, ló kọ́ ọ. Kànga inú ọgbà rẹ̀ ló fún ilé náà lórúkọ, torí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú nígbà tí omi tó dára ṣọ̀wọ́n ní Èkó. Ilé ẹbí ni o. Ìta ni ìbẹ̀wò yín mọ, àfi bí onílé bá ní kí ẹ wọlé.

Ní Tinúubú, ilé kan wà tó yẹ kí ẹ bá, ẹ ò ní bá a mọ́. Ilojo Bar ló wà níbẹ̀, ilé tí àwọn Fernandez kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, katakata wó o lulẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Àwa nìkan kọ́ la mọ̀ pé ìgboro máa ń dá lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street kò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù keje 1894. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ló ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, ìdí nìyí tí iwájú rẹ̀ fi jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì Brazil lójú ẹni tó bá mọ irú rẹ̀. Ẹ má lọ lákòókò ìrun, ẹ má sì dá Jímọ̀ lọ́sàn-án láṣà rárá. Ẹ bọ́ bàtà, kí obìnrin fi gèlè tàbí ìborùn bo orí, kí ẹ sì bi ẹni tí ẹ bá bá lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ tó gbé fóònù jáde.

Ìsàlẹ̀ Èkó ló kù. Ìtàn sọ pé oko ata olóyè Arómirẹ́ ni ilẹ̀ tí Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, wà, èdè Bìní ni wọ́n sì ní orúkọ náà ti wá: ààfin tí a kọ́ sórí oko ata. Nígbà Ọba Gabaró ni ìjókòó ọba kúrò ní Ìddó wá síbẹ̀. Nígbà Ọba Akínṣẹmọ́yìn, àwọn Potogí bá wọn fi kún un, wọ́n kó táìsì wá láti òkèèrè. Apá tuntun tí ẹ máa rí jẹ́ èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun rí ààfin tó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún kò parọ́, ṣùgbọ́n kò rí gbogbo rẹ̀. Ààfin tí ọba ń gbé ni, kì í ṣe mùsíọ́mù. Ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ má yàwòrán títí wọ́n á fi ní ó yá. Bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Ẹ̀yọ̀, ẹ má wọ bàtà, ẹ má di sùkú, ẹ má mu sìgá, ẹ má gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀pá Ẹ̀yọ̀ ò mọ àlejò.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìdí tí ilé tó dàgbà kò fi pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, Ogun Àgídìngbì ni kí ẹ sọ fún un. Láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò. Apá tó pọ̀ ló jóná.

Ó wá ku bí a ṣe ń wo ilé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè, láìka ohun tí a sọ nípa ẹwà sí. Ẹsẹ̀ ògiri ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, láti ilẹ̀ dé ibi tó ga tó ìbàdí àgbàlagbà. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó ń yọ bí iyọ̀, iyọ̀ náà ni. Ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri. Bó bá dún gbì, ó ṣì le. Bó bá dún pó pó pó, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti kúrò lára amọ̀, ó kàn dúró níta bí èèpo ẹ̀pà tí kò lọ́mọ nínú.

Ohun tó fà á nìyí. Amọ̀ a máa mu omi, a sì máa mí i jáde. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ò ní gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà kí ẹ tó kan omi, omi ọ̀sà tó níyọ̀ sì ń wọnú rẹ̀. Ògiri ń fa omi yìí sókè lójoojúmọ́. Láìmù ni àwọn bíríkìlà àtijọ́ fi ń rẹ́ ilé, èyí tí wọ́n ń rí nípa sísun ìkarahun tàbí òkúta ẹfun. Láìmù ń jẹ́ kí ògiri mí, ọ̀rinrin á wọlé, á jáde, oòrùn á gbẹ ẹ́. Nígbà tí onílé òde òní bá rí i pé ara ògiri ń ṣí, ó máa ń pe ẹni tó máa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì kì í mí. Omi tí kò rí ìta mọ́ á gòkè sí i, iyọ̀ á dì sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, á máa tì í. Lójú, ilé náà dà bí ọ̀tun fún ọdún mélòó kan. Nínú, amọ̀ ti rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ọjọ́ tí ògiri bá wó, wọ́n á ní ilé ti darúgbó.

Títì náà wà níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún ọ̀nà ṣe, wọ́n ń da ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́, títì ń ga sí i, ẹnu ọ̀nà àwọn ilé yìí sì di kòtò. Àwọn èèyàn á ní ilé rì. Ilé ò rì, títì ló ga. Òjò tó yẹ kó sàn lọ sí gọ́tà wá ń sàn wọlé. Ẹ fi omi ẹ̀rọ amúlétutù kún un, tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ fèrèsé onígi tó ń fẹ́ atẹ́gùn, tí wọ́n fi ti gíláàsì àti aluminíọ̀mù dípò rẹ̀. Ojú kan náà ni omi yẹn ń kán sí láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀tá kejì wà lókè: ibi tí fèrèsé òrùlé ti pàdé páànù. Bí páànù ìṣàn omi ibẹ̀ bá dógùn-ún, omi á máa wọ orí ògiri amọ̀, ògiri á sì máa fọ́ láti òkè wá.

Fún ẹbí tó bá ṣì fẹ́ kí ilé wọn dúró, iṣẹ́ náà kò ju báyìí lọ. Ẹ tún òrùlé ṣe ṣáájú ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra fi òòlù àti ṣísù ṣí sìmẹ́ńtì kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣí gbogbo ẹsẹ̀ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ fún oṣù mélòó kan, kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ tó bá ń jáde kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, omi á tún gbé iyọ̀ wọlé ni. Ibi tó ti jẹ, amọ̀ tí a gé koríko gbígbẹ mọ́ ni kí ẹ fi dí i, láìsí ẹ̀kún ìkúùkù sìmẹ́ńtì kan nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ tó máa rẹ́ ẹ: garawa láìmù 1 sí garawa yanrìn 3, yanrìn odò tí a ti fọ̀, kì í ṣe ti etí òkun. Ẹ rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ̀ẹ̀kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, kí ẹ sì fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó kí oòrùn má jó o. Bó bá yára gbẹ, á sán. Bíríkìlà tó bá ń kánjú á ní kí ẹ jẹ́ kí òun bu sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí i kó lè tètè le. Ẹ sọ pé rárá.

Bí títì bá ti ga ju ilé lọ, ẹ gbẹ́ ojú omi tóóró sí ìta ògiri, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, kó sì dà sí gọ́tà. Ẹ má gbẹ́ ẹ jìn ju ìpìlẹ̀ lọ, torí ògiri á yọ̀ bọ́ sínú rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ti dá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ní Novẹ́ńbà, kí ẹ má jẹ́ kí òjò oṣù kẹta tàbí kẹrin ká ara ògiri mọ́ ìhòòhò.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ilé tí àtúnṣe rẹ̀ bójú mu, kó sọdá sí Ẹbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà Réluwé. Jaekel House wà níbẹ̀, bíríkì àti igi ni, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, Legacy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló sì tún un ṣe. Wọ́n á béèrè ẹni tí ẹ ń wá lẹ́nu géètì, ẹ sọ ọ́ láìfòyà.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ẹbí le. Ọmọ méjìlá, ọmọ-ọmọ ogójì, ẹni tó wà ní London fẹ́ tà, ẹni tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ò fẹ́, wọ́n á wá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. A ò lè fi lẹ́tà yanjú ìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀yin olóòtú kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ fọ́tò ilé àtijọ́ jáde, ẹ bá wa kọ orúkọ àdúgbò àti ọjọ́ tí wọ́n yà á sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún ayàwòrán yín kó dúró sí iwájú ilé gangan, kó má yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan sì dúró ti ìlẹ̀kùn. Bí fèrèsé yẹn bá bọ́ lọ́la, gíga ẹni yẹn ni káfíńtà á fi wọn òmíràn.

Àwa bíríkìlà àti káfíńtà ilé àtijọ́,
Láfíàjí, Èkó.